Àkọ́jù Ràódàt

Ràódàt ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Kalikak ṣáájú àkókò, ó ṣí àwọn ìdì òwú àti bọ́tìnnì kúrò lórí káńtà, ó sì to àwọn pákó bíríìjì, ayò káàdì tí ẹgbẹ́ wọn ń ta, kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti to káàdì tí ẹgbẹ́ wọn yóò ta lọ́jọ́ kejì, Sátidé tó kẹ́yìn ìdíje ife.

Dieudonné, káfíńtà ará Àjàṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ló fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wọ́n. Àpò mẹ́rin ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àríwá, gúúsù, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Káàdì mẹ́tàlá ló ń wọ àpò kan. Àwọn mẹ́rin tó bá yí tábìlì ká yóò yọ tiwọn, wọn yóò ta á, kálukú yóò sì dá tirẹ̀ padà sínú àpò tó ti yọ ọ́, kí pákó náà lè kọjá sí tábìlì tó kàn. Ohun tí Ràódàt fẹ́ràn jù nínú bíríìjì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé káàdì burúkú ló bọ́ sóun lọ́wọ́, nítorí káàdì kan náà ni gbogbo tábìlì ń ta. Bí ẹlòmíràn bá fi í yege tí ìwọ fi í kùnà, orí ara rẹ ni kí o bi léèrè.

Ó pò wọ́n pọ̀, ó ń pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn ní ìsàlẹ̀. Ó ń kà wọ́n, ó ń kó wọn sápò. Fáànù tó wà lókè fẹ́ gbé díẹ̀ nínú wọn lọ, ó fi sísọ́ọ̀sì ńlá kan tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Ẹni tó bá to káàdì kì í ta lọ́jọ́ náà. Òun ló máa pín tíì, òun ló sì máa gbé pákó láti tábìlì dé tábìlì. Nítorí pé ó fi ayò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn yòókù, wọ́n gbà kó wo káàdì tó bá wù ú bó ṣe ń tò wọ́n. Èrè rẹ̀ nìyẹn. Á dúró sẹ́yìn àwọn tó ń làágùn, á mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn, á sì máa rẹ́rìn-ín sínú.

Pákó kẹjọ nìkan ni Ràódàt wò. Ó kọ́kọ́ fa àpò gúúsù yọ, píìkì ló kún inú rẹ̀. Ó yọ àríwá, ẹnìkejì rẹ̀, ó rí i pé òun náà lágbára. Ó wá tẹ́ àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní gbangba, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

Ẹni tí kò bá ta bíríìjì rí lè lóye ohun tó rí. Oríṣi káàdì mẹ́rin ló wà, píìkì àti tẹrẹ́fù tó dúdú, ọkàn àti kàró tó pupa. Èèyàn méjì ló ń bá èèyàn méjì ta. Kálukú á ju káàdì kan, oríṣi kan náà bó bá ní in, èyí tó ga jù á sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; ìkó kan nìyẹn. Kí wọ́n tó ju ohunkóhun sílẹ̀, wọn a pe ìlérí, pé ìgbà báyìí làwọn yóò kó nínú ìkó mẹ́tàlá, àti pé oríṣi báyìí ni ọ̀gá lórí àwọn yòókù. Ẹni tó bá ṣèlérí ìkó méjìlá ti pe ṣẹlẹ́mù nìyẹn. Ìkó kan ṣoṣo ló lè sọ nù. Bó bá sọ méjì nù, ìlérí já. Alátakò rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ ju káàdì, láì rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni àfi ti ara rẹ̀. Ẹ̀yìn àkọ́jù yìí ni ẹnìkejì ẹni tó ṣèlérí yóò tó tẹ́ káàdì tirẹ̀ sójú tábìlì, kí ẹni tó ṣèlérí lè máa ta ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Buraimoh, tó kọ́ Ràódàt ní bíríìjì, máa ń sọ pé àkọ́jù nìkan ni ìṣísẹ̀ téèyàn ń gbé nínú òkùnkùn, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀ lójúmọmọ.

Nínú pákó kẹjọ yìí, gúúsù àti àríwá kò ní ṣàì pe ṣẹlẹ́mù pẹ̀lú píìkì. Kàró nìkan ló ní ihò. Gúúsù ní kàró méjì tí kò wúlò. Àríwá ní ọba, àti jáàkì tó kéré sí ayaba. Éèsì, tó ga jù, wà lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn, ayaba wà lọ́wọ́ ìlà oòrùn. Bí ìwọ̀ oòrùn bá ju oríṣi mìíràn, gúúsù yóò kó gbogbo píìkì tó wà níta, yóò sì ju kàró rẹ̀ méjèèjì nù sórí àwọn ọkàn ńlá tó wà lọ́wọ́ àríwá. Bí ìwọ̀ oòrùn bá ju éèsì, ìkó kan ló máa rí, ọba yóò gba èkejì. Ṣùgbọ́n bó bá fi éèsì pamọ́, tó ju kàró kékeré, gúúsù yóò ní láti yàn bóyá ọba ni kóun fi lélẹ̀ tàbí jáàkì. Kò sí olórí pípé tó máa ń fi éèsì pamọ́ níwájú ṣẹlẹ́mù, nítorí náà gúúsù yóò rò pé ọwọ́ ìlà oòrùn ni éèsì tó lè gbé ọba wà, yóò sì fi jáàkì sílẹ̀. Ayaba yóò gbé jáàkì. Kàró yóò padà wá, éèsì yóò gbé e. Ìlérí já.

Ràódàt rẹ́rìn-ín òun nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ta ló fẹ́ ju irú káàdì bẹ́ẹ̀? Ó kó wọn padà sínú àpò wọn, ó sì tẹ̀ síwájú.

Fàráńdà ilé Màdáàmù Clémentine ní Angondjé ni wọ́n ti ń ta. Olùkọ́ ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni adájọ́ ẹgbẹ́. Ife náà ti wà lórí tábìlì ìwé rẹ̀ nígbà tí Ràódàt gbé pákó dé. Dieudonné ló fi igi okumé gbẹ́ ẹ, òun àti Régine tó ń bá ta ló sì ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn máa ń bú u pé ọjà tó tà ló ń jí padà. Lọ́jọ́ yẹn ó ń fi ife náà han Bàbá Buraimoh.

“Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá. Ojú lẹ ó fi gbé e dé Ìsẹ́yìn.”

Bàbá ní kó má ṣèyọnu, pé òun ti ní ibi tóun máa gbé e kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

Ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn yìí kì í ṣe àwàdà. Nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, gẹdú ni Bàbá Buraimoh ń wọ̀n ní èbúté Owendo, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ òkun tó ń dúró de ẹrù ló sì ti kọ́ bíríìjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ́ yàrá sílẹ̀ dè é nílé. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ó ń lọ nìyẹn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó máa ń gbé káàdì sún mọ́ imú. Gbogbo ọdún tó fi ń ta, kò gba ife rí, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló sì wà nípò kejì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹnìkejì yìí, Bólúwají, kò tíì dé. Nígbà tó yá ó pè lórí fóònù láti Owendo pé ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, pé òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú kíréènì tóun fi ń já ẹrù. Bàbá Buraimoh dá fóònù náà padà fún Clémentine. Ó jókòó síbi tí orúkọ wọn wà, ó ń wo àga tó ṣófo níwájú rẹ̀.

Ojú gbogbo èèyàn bá yí sí Ràódàt, tó di ìkòkò tíì mú.

Bí èèyàn kò bá pé, ẹni tó to káàdì lè ta, ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ kò ní ẹ̀ka. Ẹni tó bá wo káàdì kan péré kò gbọdọ̀ jókòó sí tábìlì. Clémentine ní láti bi í léèrè, ó sì bi í pé ṣé ó wò wọ́n.

“Rárá,” ni Ràódàt wí.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti dáhùn. Clémentine fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò ti Bólúwají. Bàbá Buraimoh na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó fọwọ́ gbá a lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ràódàt ṣàmín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé pákó kan ṣoṣo lòun rí, pé bó bá dé, òun yóò ta á bí ẹni tí kò rí i rí.

Àwọn pákó tó ṣáájú dára fún wọn. Bàbá ń ta bí ẹni tó ń wọn gẹdú, kò kánjú, kò sì ṣì í. Ràódàt náà ta dáadáa. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé pákó tuntun wá, ó kọ́kọ́ ń wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Dieudonné àti Régine ni wọ́n jókòó sí nígbà tí ìkẹjọ dé. Ìwọ̀ oòrùn ni Ràódàt. Ó yọ káàdì rẹ̀, éèsì kàró sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú kàró kéékèèké mẹ́ta. Ìpè bẹ̀rẹ̀. Régine pe kàró lójú ọ̀nà, láti sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé òun lágbára níbẹ̀. Dieudonné pe ṣẹlẹ́mù, píìkì ni ọ̀gá. Gbogbo wọn dákẹ́. Ràódàt ló kàn láti ṣe àkọ́jù.

Ó mọ ohun tó yẹ kó jù. Tẹrẹ́fù onímẹ́wàá, onímẹ́sàn-án àti onímẹ́jọ tẹ̀ lé ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ti kọ́ ọ pé bí mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn, ju èyí tó ga jù nínú wọn; kò ní fún alátakò ní nǹkan kan, éèsì rẹ yóò sì dúró de àkókò tirẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lórí tẹrẹ́fù onímẹ́wàá. Ó kù kó fà á yọ.

Nígbà náà ló wá rí i pé ìlérí tóun ṣe fún ara òun kò ṣeé mú ṣẹ. Bó bá ju tẹrẹ́fù, ó mọ̀ pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pákó náà fún Dieudonné. Bó bá ju kàró, olè ni. Ó wá ìdí tó lè mú ẹni tí kò rí káàdì ju kàró. Régine ṣáà pe kàró, nítorí náà ọba lè wà níbẹ̀. Dieudonné sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti méfò. Àwọn ìdí náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tó ti mọ ìdáhùn ni gbogbo wọn tó yọjú. Ohun tí ojú bá ti rí, a kì í ní kó lọ dá a padà.

Lódìkejì, Bàbá Buraimoh gbé káàdì rẹ̀ sún mọ́ imú, ó ń dúró dè é, kò fura sí nǹkan kan.

Ó ju kàró kékeré kan.

Régine tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọba àti jáàkì kàró sì wà níbẹ̀, bí Ràódàt ṣe kó wọn sínú àpò. Dieudonné ronú títí. Ó wo Ràódàt lójú, Ràódàt wo ife. Ó ní kí Régine fi jáàkì sílẹ̀. Ayaba Bàbá gbé e. Bàbá dá kàró padà, éèsì Ràódàt gbé e, ìlérí sì já kí Dieudonné tó fọwọ́ kan píìkì kan. Níbi gbogbo tí wọ́n ti ta pákó náà lọ́jọ́ yẹn, ṣẹlẹ́mù yè.

Dieudonné rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín níwà ìkà báyìí?”

Nígbà tí wọ́n sinmi láti mu tíì, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo tábìlì. Régine ló sọ ọ́ lórúkọ, Àkọ́jù Ràódàt. Bàbá Buraimoh kò lè jókòó. Muslimat, tó ń ta ẹ̀wù fóònù ní Kalikak tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bíríìjì lẹ́yìn Iléyá, bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bàbá fà á jókòó. Ó fi ṣíbí ṣe éèsì, ó fi ìdérí ife tíì ṣe ọba, ó ṣàlàyé bí Ràódàt ṣe tẹ́tí sí ìpè Régine, bó ṣe mọ̀ pé ọba wà lórí tábìlì, bó ṣe mọ̀ pé éèsì tí wọ́n bá tètè jù kì í kó ju ẹyọ kan lọ. Àlàyé náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ràódàt fúnra rẹ̀ fẹ́ gbà á gbọ́. Bàbá ń wò ó bó ṣe ń sọ ọ́, kó lè bá a kín in lẹ́yìn. Ràódàt mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tíì tó ń dà ṣàn kọjá ẹnu ife, ó sì jó o lọ́wọ́.

Tábìlì tiwọn ló kọ́kọ́ parí. Ràódàt lọ dúró sẹ́yìn Muslimat, tí òun àti Qowiyyu ọkọ rẹ̀ ń ta pákó wọn tó kẹ́yìn. Àwọn alátakò wọn ti pe ṣẹlẹ́mù, ọkàn ni ọ̀gá. Muslimat ló ni àkọ́jù. Éèsì tẹrẹ́fù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ràódàt sì ti rí i lójú Qowiyyu pé ó ní ìkó kan tó dájú nínú ọkàn. Éèsì yẹn pẹ̀lú ìkó yẹn, ìlérí já. Ìka Muslimat dé orí éèsì. Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo Ràódàt, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń kí olùkọ́ rẹ̀, ó sì ju tẹrẹ́fù kékeré.

Ẹni tó ń wòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ràódàt dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Tẹrẹ́fù kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣèlérí ní, ọba ni, ó sì gbé ìkó náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ìgbà náà, kò ní tẹrẹ́fù mọ́. Éèsì Muslimat wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi wúlò bí ìwé ìwọkọ̀ àná. Qowiyyu gba ìkó kan tirẹ̀, wọn ò rí èkejì.

Qowiyyu tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Éèsì lọ́wọ́ rẹ, o gbé e sùn?”

“Bí Àǹtí Ràódà ṣe ṣe é ni mo ṣe é. Bàbá ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.”

“Ìwọ wá ni Àǹtí Ràódà?”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Muslimat náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ó ń wo éèsì náà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó bi Ràódàt pé kí lòun ṣì gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ Bàbá. Ràódàt mọ̀ pé kò ṣi nǹkan kan gbọ́. Àkọ́jù tó kọ́ náà ni kò sí láyé. Ojú tó wo inú àpò ló bí i.

Clémentine ti ń ro máàkì pọ̀. Ó ti fi ìdí bírò tọ́ka sí orúkọ Bàbá Buraimoh lókè pátápátá, ó sì ti ń wá aṣọ tó máa fi nu ife. Ràódàt rìn lọ bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́, ó tún yí èrò padà, ó dìde dúró, ó sì sọ ọ́ sókè.

“Mo wo pákó kẹjọ. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí káńtà, mo wò ó tán, kí n tó wá síbí.”

Clémentine bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè bóyá Bàbá mọ̀. Ràódàt ní Bàbá kò mọ nǹkan kan. Clémentine ní òfin ni òfin, ó sì fa ilà gígùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máàkì wọn ọjọ́ náà. Ife di ti Dieudonné àti Régine. Dieudonné kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó gbé e mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn mú ẹrù ẹlẹ́rù dání, ó sì tètè lọ.

Takisí kan náà ló gbé Ràódàt àti Bàbá padà sí Kalikak, nítorí wọn ò rí méjì. Bàbá jókòó síwájú. Ọ̀nà jìn, àwọn èrò mìíràn wọlé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Bàbá kò wẹ̀yìn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé, ó sọ̀rọ̀.

“Ife kọ́ ló ń dùn mí, Ràódà. Ó dùn mí, àmọ́ mo lè gbé e mì. O jókòó síbẹ̀, o jẹ́ kí n fi irọ́ kọ́ ọmọ yẹn. Ẹnu tèmi ló gbà jáde.”

Ràódàt sún síwájú lórí àga. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, Bàbá ti sọ fún awakọ̀ pé òun ń sọ̀ níbí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ràódàt lọ bá Muslimat nídìí ọjà rẹ̀. Ó sọ fún un pé kó gbàgbé àkọ́jù náà, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n láì rí i. Muslimat ti gbọ́. Ohun kan ló ń yà á lẹ́nu, bí Bàbá ṣe lè ṣàlàyé ohun tí kò sí dáadáa bẹ́ẹ̀. Ràódàt ní nítorí pé Bàbá gbà pé òun mọ ohun tóun ń ṣe ni. Bó ti sọ ọ́ tán, ó ra ẹ̀wù fóònù kan tí kò bá fóònù rẹ̀ mu.

Ó ní kí ẹgbẹ́ jẹ́ kóun máa to káàdì ní gbogbo Sátidé, láì ní ta. Kò sẹ́ni tó bá a du iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Ó ń pín káàdì, ó ń kà á, ó ń kó o sápò, kò sì ṣí ojú káàdì kankan sókè. Bí ọwọ́ kan bá lé tàbí bó bá dín, ó ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà á gé rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ṣòkòtò nínú ọjà rẹ̀, á rán etí rẹ̀ pọ̀, á sì fi de pákó kọ̀ọ̀kan ní òró àti ní ìbú, kó má ṣeé ṣí láì gé okùn ìránṣọ. Clémentine á fi sísọ́ọ̀sì gé e níwájú gbogbo èèyàn. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́ pé kí ni ẹni tó to káàdì rí. Bàbá Buraimoh ń dá a lóhùn bó bá kí i, ó ń gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò Bàbá, gbogbo wọn pé, Bólúwají pàápàá. Ràódàt gbé pákó sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ìkòkò tíì. Bàbá ti jókòó. Ó wo Bólúwají tó fẹ́ jókòó níwájú rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, lọ pín tíì lónìí. O ti gun kíréènì tó.”

Bólúwají wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣeré, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gba ìkòkò lọ́wọ́ Ràódàt. Clémentine ní láti béèrè. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn pákó sókè, ó fi ìka fa rọ́bà rẹ̀, ó sì bi Ràódàt pé ṣé ó wò wọ́n.

“Rárá, Màdáàmù.”

Bàbá ti na ọwọ́ sí pákó àkọ́kọ́ kó tó dáhùn tán.

Ṣẹlẹ́mù kan ló wáyé sí wọn lọ́jọ́ yẹn. Dieudonné ló pè é, tẹrẹ́fù ni ọ̀gá, àkọ́jù sì bọ́ sọ́wọ́ Ràódàt. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Éèsì kàró wà níbẹ̀. Ayaba, jáàkì àti onímẹ́wàá ọkàn tẹ̀ lé ara wọn. Píìkì kéékèèké méjì wà pẹ̀lú. Ó rántí ìpè wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Éèsì kò gbọdọ̀ sáré, nítorí pé Régine pe kàró, bó bá sì tètè jáde, ọ̀nà ni yóò là fún wọn. Píìkì lè dára bí Bàbá bá ní ọba rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló máa bá Dieudonné fa ọba náà jáde. Ọkàn kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan, ó sì lè la ìkó kan fún wọn. Ó wá inú orí rẹ̀ bóyá ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Kò sí. Òkùnkùn ni, bó ṣe yẹ kó rí.

Ó ju ayaba ọkàn.

Régine tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Dieudonné gbé ọkàn náà, ó kó àwọn ọ̀gá tó wà níta, ó fi kàró fa éèsì Ràódàt jáde, ó sì ju píìkì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nù sórí kàró tó kù. Ìkó méjìlá gééré. Ọba píìkì wà lọ́wọ́ Bàbá Buraimoh, kò sì kó nǹkan kan. Ní tábìlì kejì, wọ́n ju píìkì, wọ́n sì já ìlérí náà. Òdo ni Clémentine kọ síwájú orúkọ Bàbá àti Ràódàt.

Muslimat, tó ti dúró lẹ́yìn wọn, bi í pé kí ló dé tí kò ju píìkì.

“Mi ò mọ ibi tí ọba wà,” ni Ràódàt wí.

Bàbá Buraimoh kó káàdì rẹ̀ padà sínú àpò, ó tò wọ́n gún. Ó yíjú sí Muslimat.

“Wo àkọ́jù yìí dáadáa. Bí o bá ní irú ọwọ́ yẹn, tí o gbọ́ irú ìpè yẹn, òun ni kí o jù, lónìí àti lọ́la. Òní ni kò gbé wọn. Àkọ́jù tó dáa ni.”

Ó ti pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní kí Ràódàt gbé èyí tó kàn wá.